Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú òróró yukalíptọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà fún ikọ́ fée

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp àti Facebook tó ń ta òróró aláwọ̀ ewé nínú ìgò kékeré. Ó ní òróró ewé yukalíptọ́ọ̀sì ni, pé láti Jos ni wọ́n ti ń fún un wá. Ó ní ó ń la imú tó dí, ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń wo ikọ́ fée sàn pátápátá. Irọ́ ni. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe ohun tó pè é, ìmọ̀ràn tó sì ń bá a rìn lè gba ẹ̀mí ọmọ.

Iṣẹ́ ọṣẹ dúdú àti ìpara ni mo ń ṣe n'Íbàdàn, òróró olóòórùn sì wà lára ohun tí mo ń rà déédéé. Aládùúgbò mi kan ló gbé ìgò tirẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n bá òun wò ó. Ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée, ọyẹ́ ti dé, àyà ọmọ náà sì túbọ̀ ń dún fée láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo òróró náà.

Bí mo ṣe ṣí ìdérí báyìí, òórùn rọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ gbá mi nímú, ti kẹrosíìnì sì tẹ̀ lé e. Mo mú pépà funfun, mo kán ẹ̀kán kan láti inú ìgò òróró yukalíptọ́ọ̀sì gidi tèmi sí apá ọ̀tún, mo kán ti ọkùnrin yẹn sí apá òsì, mo gbé pépà náà sórí káńtà, mo sì ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Nígbà tí mo máa padà wò ó, tèmi ti gbẹ tán, òórùn nìkan ló kù níbẹ̀. Tirẹ̀ ti fẹ̀ lọ, ọ̀rá ti mu pépà bí ìgbà tí wọ́n fi pépà pọ́n àkàrà, àwọ̀ ewé sì lẹ̀ mọ́ ọn láàárín. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àbàwọ́n yẹn ṣì wà níbẹ̀. A tún kán an sínú ife omi. Òróró yukalíptọ́ọ̀sì gidi máa ń léfòó ni, omi abẹ́ rẹ̀ á sì mọ́ gaara. Tirẹ̀ da omi rú, gbogbo ife náà di funfun. Ẹni tó pò ó ti da nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Àwọ̀ yẹn gan-an ti tó láti fura. Ewé ló ní àwọ̀ ewé, òróró inú rẹ̀ kò ní. Oru omi gbígbóná ni wọ́n máa ń gbà kọjá láàárín ewé, òróró á bá oru náà jáde, wọ́n á jẹ́ kí ó tutù, òróró á léfòó lórí omi, wọ́n á sì gbọ́n ọn. Àwọ̀ ewé kì í tẹ̀ lé e jáde. Ohun tí wọ́n máa ń rí kì í ní àwọ̀ rárá, tàbí kí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyeyè. Kílò 100 ewé tútù kì í sábà mú ju kílò 1 sí 3 òróró jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta odindi ike omi kan ní owó táṣẹ́rẹ́, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí ewé tó tó bẹ́ẹ̀. Òróró gidi kì í sì í gbé inú ike ṣákálá, torí ó máa ń jẹ ike. Ìgò dúdú tàbí aláwọ̀ búráùn ni ẹ máa bá a nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé igi yukalíptọ́ọ̀sì pọ̀ ní Jos. Wọ́n gbin ín púpọ̀ láti fi tún ilẹ̀ tí àwọn awakùsà tánganran ti wà bàjẹ́ ṣe. Òótọ́ díẹ̀ báyìí ni ọkùnrin yìí fi ń bo irọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún máa ń sọ pé oògùn ni wọ́n ń lò ó fún ní Jámánì. Bẹ́ẹ̀ ni, cineole, èròjà tó pọ̀ jù nínú òróró náà, wà nínú kápúsù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n wọn ìyẹn ní mílígíráàmù, wọ́n kọ iye tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lò sí i lára, kò sì sí ẹni tó ní kí aláìsàn fi rọ́pò inhaler rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ fún aládùúgbò mi, ìyá ọmọ yìí. Mo fi etí ara mi gbọ́ ohùn tó fi ránṣẹ́: “Ẹ má mikàn, mà. Ẹ gbé inhaler yẹn jù nù, oògùn òyìnbó ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín jẹ́. Ṣíbí ìmutíì kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Tó bá fẹ́ sùn, ẹ kán díẹ̀ sí i nímú.”

Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣíbí ìmutíì kan tó nǹkan bíi mílílítà 5. Ká ní òróró gidi ló wà nínú ìgò yẹn ni, ìwọ̀nba yẹn lè mú gìrì gbé ọmọ, ó lè jẹ́ kí ó dákú, kí èémí rẹ̀ sì dúró. Kódà mílílítà 2 tàbí 3 ti ṣe ọmọ kékeré léṣe rí. Gbígbóòórùn ni òróró yìí wà fún, a kì í mu ún. Kíkán an sí ọmọ ọwọ́ nímú náà burú, nítorí menthol, èròjà tó ń mú kí rọ́ọ̀bù tutù, tó wà nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀ lè dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ pa lójijì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ má fi sún mọ́ ojú rẹ̀ rárá.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé tí wọ́n bá fín in, ara á kọ́kọ́ tù wọ́n. Menthol ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí imú tutù, ọpọlọ á sì rò pé afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà èémí kò fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Fún ọ̀fìnkìn lásán, kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée ńkọ́? Inú àyà lọ́hùn-ún ni ọ̀nà èémí tirẹ̀ ti ń fún pọ̀. Inhaler ló ń là á. Òórùn líle pàápàá lè ru ikọ́ fée sókè. Ọmọ aládùúgbò mi dé ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè sọ odindi gbólóhùn kan tán. Wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ oògùn sí i nímú kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀. A dúpẹ́ pé wọ́n tètè gbé e lọ.

Lára ìgò náà, kò sí déètì, kò sí nọ́ńbà bááṣì, kò sí orúkọ igi bíi Eucalyptus globulus. Nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀ ṣá o, àmọ́ A1 ló fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí a máa ń rí lára omi inú ọ̀rá. Ti egbòogi ìbílẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A7. Kódà egbòogi tó bá gba ìwé, NAFDAC máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Ẹni tó bá ní NAFDAC ti jẹ́rìí sí i pé òróró òun ń wo ikọ́ fée, ẹ má dá a lóhùn.

Ó tún máa ń ní kí wọ́n ju káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ sínú omi gbígbóná, kí wọ́n bo aṣọ lé ọmọ lórí. Ẹ má ṣe é láé. Àwọn ọmọ tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn pọ̀ láàárín wa, káńfọ̀ yẹn sì ń ba ẹ̀jẹ̀ irú wọn jẹ́, ojú àti ara wọn á sì pọ́n. Omi gbígbóná náà ti bó ọ̀pọ̀ ọmọ lára.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti mu òróró náà, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Tí ó bá bì í, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.

Nígbà tí aládùúgbò mi béèrè owó rẹ̀ padà, ọkùnrin náà dí i pa lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tí mo fi rí àwòrán ọmọ tó ń sùn tó máa ń lò, lábẹ́ orúkọ tuntun, nọ́ńbà tuntun, ó tún ti ń polówó. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má da ìgò yín nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí owó tí ẹ san àti ohùn tó fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní ìpínlẹ̀ yín. Aládùúgbò mi ti kó tirẹ̀ lọ, wọ́n sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.