Họ́ọ̀bù Timken fún ẹsẹ̀ iwájú Jeep Cherokee XJ

Mo ti pààrọ̀ họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún Jeep Cherokee XJ mi, ìyẹn irin àárín tí wọ́n ń de táyà mọ́, tí bíárìn tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí wà nínú rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ Timken ni mo fi sí i, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí rẹ̀. Ariwo tó máa ń kùn lábẹ́ ọkọ̀ bí eré bá ti ń pọ̀ sí i ti lọ pátápátá, sítíárìn náà ò sì gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ má tíì sáré lọ rà á ṣá o. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé bíárìn ló ń ké. Táyà ọkọ̀ fọ́ọ̀ wíìlì, pàápàá èyí tí eyín rẹ̀ tóbi, máa ń kùn bíi bíárìn gẹ́lẹ́, owó họ́ọ̀bù á sì ti lọ kí ẹnìkan tó mọ̀. Bí ojú títì bá yí padà, tí ẹ kúrò lórí ọ̀dà tó ń dán bọ́ sórí èyí tó rí gbágungbàgun, ohùn táyà á yí padà, ti bíárìn ò ní yí. Bí ẹ bá ń sáré bọ̀ tí ẹ rọra ya ọkọ̀ sí òsì, ìwúwo ọkọ̀ á ṣí lọ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tí ariwo bá le sí i nígbà náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí ẹ fura sí.

Ọ̀nà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti ọwọ́. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí ẹ gbé ọkọ̀ lé orí irin tó lè gbà á dúró, kí ẹ di sípíríǹgì mú, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì yí táyà. Bíárìn tó ti jẹ á máa rìn lára sípíríǹgì yẹn bí ẹni ń lọ iyanrìn. Mo yí ẹsẹ̀ òsì náà kí n lè fi wé e: ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ẹ bá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ tí ó ń mì, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yà, pẹ̀lú, torí òun náà máa ń fa irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú páálí ni odindi họ́ọ̀bù: bíárìn, gírísì, síìlì àti àwọn bóòtù tí wọ́n ń de táyà mọ́, gbogbo rẹ̀ ti wà lára ara wọn. Ẹ ò ní tú u, ẹ ò ní kó gírísì sí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó dé ìdí ọkọ̀. Mo yí èyí, ó ń yí tìwọ̀ntìwọ̀n, ó ń ta kọ́wọ́ díẹ̀, ìtakọ́ náà sì dọ́gba yíká. Síìlì rẹ̀ jókòó láìyọrí níbì kankan. Họ́ọ̀bù kan tí orúkọ rẹ̀ ò gbajúmọ̀ tí mo ti lò rí ń yí fìrìfìrì láti inú páálí, etí síìlì rẹ̀ sì gbé sókè lápá kan. Táyà tí mo rà ní àsìkò kan náà ò tíì jẹ rárá tí họ́ọ̀bù yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ìfisí rẹ̀ ò le. Yíyọ ti àtijọ́ kúrò ni iṣẹ́. Ẹ yọ kọ́tà pìn tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù tú, kí ẹ sì dẹ nọ́ọ̀tù ńlá orí ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 mm ló gbà á, nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tí kálípà àti dísìkì bá ti kúrò, bóòtù mẹ́ta ló kù, láti ẹ̀yìn knuckle, irin tó di họ́ọ̀bù mú, ni wọ́n ti wọlé. Orí wọn jẹ́ 13 mm onígun méjìlá, nítorí náà ẹ má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà dán an wò. Ìpáàrà ló sábà máa ń so họ́ọ̀bù mọ́ knuckle bí ẹni jó o pọ̀. Mo da òróró tó ń tú ìpáàrà sí i, mo jẹ́ kó mu, mo dẹ bóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta díẹ̀ láìyọ wọ́n, mo ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ wọ́n lórí, mo sì ń fi òòlù lù wọ́n níkọ̀ọ̀kan, yíká yíká, títí ó fi já. Bí ṣáàfù bá fẹ́ bá a jáde, ẹ gbé e ró: síìlì rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún létí difrẹ́ńṣíà, bí ṣáàfù bá fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ wọ́ lórí rẹ̀, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú ihò knuckle títí irin á fi hàn, kí ẹ fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Ìdọ̀tí díẹ̀ níbẹ̀ á jẹ́ kí họ́ọ̀bù jókòó ní wíwọ́, dísìkì á sì máa ta bí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ibi tí mo bẹ̀ yín sí nìyí. Bóòtù mẹ́ta yẹn, ẹ dè é dé 75 lb-ft (ìwọ̀n agbára ìdè). Nọ́ọ̀tù ńlá, 175 lb-ft, tí í ṣe 237 Nm. Sípánà tó ń díwọ̀n agbára ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tù. Nọ́ọ̀tù yìí ló di òrùka méjì inú bíárìn pọ̀, òun ló ń fún un ní ìdè tó yẹ. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ náà kí ẹ tó de nọ́ọ̀tù dé ìwọ̀n, ẹ lè ba họ́ọ̀bù tuntun jẹ́ láìtíì rìn ìbùsọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀, tí ó bá kú ní kíá, olùṣe la máa dá lẹ́bi!

Mi ò fẹ́ràn irú họ́ọ̀bù yìí ju ti àtijọ́ lọ o. Land Cruiser 80 ní bíárìn méjì tí ènìyàn lè tú, kó fọ̀, kó fún ní gírísì tuntun, kó sì tún de. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti wọ omi jíjìn, àǹfààní gidi nìyẹn. Ti XJ, bí omi bá ti gba síìlì wọlé, ó parí, odindi lẹ máa pààrọ̀. Kò sí olùṣe tó lè yanjú èyí, bí wọ́n ṣe ya ọkọ̀ náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi nọ́ńbà ṣásí wá a, torí kì í ṣe họ́ọ̀bù kan náà ló wà lára gbogbo XJ títí dé 2001 tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, kó bá ti ara páálí mu, ayédèrú bíárìn olórúkọ ńlá pọ̀ lọ́jà.

Wọ́n ní kí n pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bíréèkì nìyẹn yẹ fún. Bíárìn òsì mi ń yí láìkùn, mo fi í sílẹ̀.