Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń kó bọ̀ l'Ékòó: ẹ má sanwó ilé tí ẹ kò tíì wò lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ń gbé bọ̀ l'Ékòó láti Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin, ẹ̀yin gan-an ni àwọn ajẹ́ńtì oníjìbìtì ń wá. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ẹ wọṣẹ́, pé ẹ kò mọ àdúgbò, pé ẹ kò sì lè máa wọkọ̀ wá lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé, "Èèyàn mẹ́ta ló ti fẹ́ san o, ẹ fi owó díẹ̀ dè é mọ́lẹ̀." Ẹ má fi kọ́bọ̀ dè é.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ajẹ́ńtì, tàbí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, á gba ilé fún ọjọ́ mélòó kan péré, tàbí kó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ayálégbé tó fẹ́ kó jáde. Kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Á ya fọ́tò, á gbé e sí Facebook àti WhatsApp ní iye tó wálẹ̀ ju ti àwọn ilé tó wà ládùúgbò náà lọ. Ẹni tó bá wá wò ó á rí i pé ilé wà lóòótọ́, ilẹ̀kùn ṣí, omi ń yọ. Ohun tí kò rí ni ẹni mẹ́wàá mìíràn tó ti wò ó lọ́sẹ̀ kan náà. Gbogbo wọn ló máa san, ọjọ́ kan náà ló sì máa dá fún gbogbo wọn: "Ọjọ́ kìíní oṣù ni kí ẹ kó wọlé, pẹ́ńtà ò tíì parí." Tó bá di ọjọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta, mẹ́rin á tò sẹ́nu géètì, fóòmù ni wọ́n dè sórí wọn, oníkálukú mú rìsíìtì dání. Inú ìwé rìsíìtì kan náà ni wọ́n ti já gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn. Fóònù ajẹ́ńtì ò lọ mọ́.

Àwọn kan ò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Owó ìwolé, èyí tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fi ilé han èèyàn, ni tiwọn. Ẹni tó bá gba 5,000 náírà lọ́wọ́ èèyàn ogún lóòjọ́ ti kó 100,000 náírà, ilé tí wọ́n ti gbà tán ló sì ń fi hàn wọ́n.

Ẹ wo ilé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ṣe pàtàkì: ẹ má mú ajẹ́ńtì dání, ẹ má sì sọ fún un. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago méje alẹ́ tí àwọn ayálégbé ti dé láti ibi iṣẹ́. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ẹ ń san owó ilé fún? Ta ló ń kó jáde, ìgbà wo ló sì ń lọ? Ẹ bi ẹni tó ń tajà níwájú ilé náà, torí òun ló máa ń rí gbogbo àwọn tí wọ́n ń mú wá wo ilé. Tí ó bá ní, "Ẹ̀yin náà tún wá wo ilé yìí?", ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ wá gbọ́. Bí ẹ kò bá lè wá fúnra yín, ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán. Fídíò tí ajẹ́ńtì yà kì í ṣe wíwo ilé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé Land Use Charge ilé náà (owó orí ilé tí ìjọba Èkó ń gbà) tàbí bíìlì iná hàn yín. Orúkọ tó wà níbẹ̀, orúkọ onílé tó wà nínú ìwé àdéhùn àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí ẹ ó sanwó sí gbọ́dọ̀ bára mu. Tó bá jẹ́ lọ́yà ló ń bójú tó ilé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ẹ rí lẹ́tà tí onílé fi fún un láṣẹ. Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò sábà máa ń mọ ẹni tó ni ilé. Ajẹ́ńtì tó bá ń bínú torí pé ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ sanwó, kì í ṣe ṣáájú. Bánkì ni kí ẹ gbà san án, ẹ má kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ má sì san án lọ́dọ̀ oní-POS. Owó ilé lọ́tọ̀, owó ajẹ́ńtì lọ́tọ̀. Áàpù bánkì yín máa ń fi orúkọ hàn kí owó tó lọ. Tí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ dúró. "Àkáǹtì àbúrò onílé ni" kì í ṣe àlàyé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san lọ́dọọdún. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló rú òfin: owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà. Rìsíìtì tún di dandan: ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, àdírẹ́sì, iye owó, àti àkókò tí owó náà dúró fún.

Ní ti ìṣirò, iye tí wọ́n kọ sórí ìpolówó kọ́ ni ẹ ó san. Ká ní owó ilé jẹ́ 1,000,000 náírà. Àgírímẹ́ǹtì 100,000, kọmíṣọ́ọ̀nù 100,000, owó kọ́ṣọ̀n (owó ìdúró fún ohun tí ẹ bá bàjẹ́ nínú ilé) 100,000, owó ìtọ́jú ọgbà 50,000: ó di 1,350,000 lọ́dún àkọ́kọ́. Ọdún kejì yẹ kó padà sí 1,050,000. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé owó kọ́ṣọ̀n máa padà sọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń kó jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ti lọ nìyẹn.

Mítà iná náà ńkọ́? Ẹ gba nọ́ńbà mítà, kí ẹ ra iná owó kékeré sí i kí ẹ tó san ohunkóhun. Bí gbèsè ayálégbé tó kó lọ bá wà lórí rẹ̀, wọ́n á yọ nínú owó yín, yúnítì tó wọlé á kéré. Onílé ni kó san án.

Ẹ kọ iye owó awakọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹni tó máa san tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi owó kún un nígbà tí ẹrù bá dé ẹnu géètì. Ẹ san ìdajì nígbà tí wọ́n bá kẹ́rù tán, ìdajì tó kù nígbà tí wọ́n bá sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀ tán. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í, kí rìsíìtì jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti kó sí wọn lọ́wọ́, kó pe bánkì rẹ̀ ní wákàtí yẹn gan-an kí wọ́n lè dá owó náà dúró. Kó lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, kó sì fẹjọ́ sùn ní LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ orí WhatsApp rẹ́. Ẹ wá àwọn yòókù tó san owó ilé yìí, kí ẹ jọ kọ ìwé ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Òfin ìjìbìtì ti ọdún 2006 kì í gba owó ìtanràn dípò ẹ̀wọ̀n, ọdún méje ló kéré jù níbẹ̀, ogún ọdún ló pọ̀ jù. Ajẹ́ńtì náà lè tún pè yín pé òun ti rí ilé mìíràn ní Ìkòròdú, pé kí ẹ kàn fi 200,000 kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má lọ wò ó.