Ìkìlọ̀: Ẹ má tìtorí ìwé àyẹ̀wò "kajú 100%" ra oyin

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oyin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dákun, ẹ fura. Àwọn alágbàtà kan ti ń so ìwé àyẹ̀wò mọ́ oyin báyìí. Wọ́n á ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó inú rẹ̀ jẹ́ "kajú 100%", wọ́n á sì bu owó gọbọi lé e. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Oyin kì í jẹ lára igi kan ṣoṣo. Nílẹ̀ wa, ẹ ó bá ti ọ̀pẹ, máńgòrò, irúgbá, ẹmì àti Akíntọ́lá-taku nínú ìgò kan náà. Bí lẹ́búlẹ́bú igi kan bá ti lé ní 45 nínú 100, àwọn tó mọṣẹ́ ti kà á sí pàtàkì jù nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà nìyí: wọ́n á po 10 gíráàmù oyin mọ́ 20 mílílítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ju 40°C lọ, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i bírí fún ìṣẹ́jú 10 kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni wọ́n ń tẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tí wọ́n á wò lábẹ́ máíkíròskóòpù, tí wọ́n á sì ka ó kéré tán 300 hóró lẹ́búlẹ́bú. Hóró Akíntọ́lá-taku ní ẹ̀gún yí ká. Ti irúgbá máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn ní ìdì. Ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí ni kajú àti máńgòrò, hóró wọn jọra gan-an. Ẹni tí kò bá fi hóró tí a já lára òdòdó kajú fúnra rẹ̀ wé e kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kajú ni. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n: kí ni wọ́n fi wé e?

Àwòrán dúdú-òun-funfun, tí hóró rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ dúdú, kì í ṣe ti máíkíròskóòpù tí wọ́n fi ń ka hóró oyin. Bí òun nìkan ló wà nínú ìwé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó burú jù: ẹlòmíì ń se ṣúgà, á wá ra lẹ́búlẹ́bú òdòdó lọ́wọ́ àwọn tó ń sin oyin, á rò ó pọ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún á dára lórí ìwé. Ẹ béèrè iye hóró tó wà nínú 10 gíráàmù. Bí kò bá tó 20,000, ó kéré jọjọ. Bó bá lé ní 1,000,000, ó yẹ ká fura, àfi bó bá jẹ́ oyin tí wọ́n fún láti inú afárá.

Kódà bí iye náà bá pé, kò sọ pé kò sí ṣúgà níbẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn ló ń wá ìyẹn. Ìṣáná tí wọ́n ń tì bọ oyin, kí wọ́n tó ṣá a, kò sọ ọ́ náà, omi inú oyin nìkan ló ń nípa lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá nọ́ńbà fóònù ilé àyẹ̀wò fúnra yín, kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé, kí ẹ sì béèrè bóyá nọ́ńbà àyẹ̀wò náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá àti ọjọ́ tí wọ́n gba oyin ọ̀hún.