Ẹ̀rọ Háídírọ́líìkì fún Àtúnṣe Bàálù: Ìfiwéra Oníná, Onídísù àti Afọwọ́fà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ háídírọ́líìkì fún bàálù máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bí ẹ̀rọ náà ṣe lágbára tó. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Irú epo háídírọ́líìkì tó wà nínú bàálù tí ẹ ń tọ́jú, ìyẹn epo inú páìpù tó ń gbé ẹsẹ̀ àti àwọn ohun ìdarí bàálù, kì í ṣe èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jó, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Epo ló ń pinnu irú síìlì (rọ́bà tó ń dí ojú ìsopọ̀ kí epo má baà jò) tó máa wà nínú ẹ̀rọ, irú họ́ọ̀sì tí ẹ máa so mọ́ ọn, irú ọ̀dà tí wọ́n máa fi kùn ún, àti bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Bí epo ẹ̀rọ kò bá bá ti bàálù mu, bó ti wù kó lágbára tó, ẹ ti fi owó ra ìjàǹbá.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí ni èyí tó wà lórí kẹ̀kẹ́, tí a ń fà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, tí a ó so họ́ọ̀sì rẹ̀ mọ́ ojú ìsopọ̀ lára bàálù, tí yóò sì máa ti epo wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bàálù bá wà ní pípa. Òun la fi ń ká ẹsẹ̀ bàálù wọlé, tí a sì ń nà án jáde nígbà tí bàálù bá wà lórí jáàkì. Òun náà la fi ń yẹ àwọn ohun ìdarí ara apá àti ìrù wò, òun la sì fi ń wá ibi tí epo ti ń jò.

Àwọn kan á ní bàálù kúkú ní pọ́ǹpù oníná tirẹ̀, kí ló dé tí a ò lo ìyẹn? Fún iṣẹ́ kékeré, a lè lò ó. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù yẹn kan náà ló máa gbé èrò lọ lọ́la, iṣẹ́ tó bá sì gba wákàtí púpọ̀ ń jẹ ẹ́ lára, ó sì ń mú epo gbóná. Ẹ wo Boeing 737: inú táǹkì epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ni ohun tó ń tu epo háídírọ́líìkì lára wà. Nígbà àtúnṣe ńlá, a sábà máa ń fa táǹkì yẹn gbẹ. Bí kò bá sí epo nínú rẹ̀, kò sí ohun tó máa gba ooru lára pọ́ǹpù náà.

Epo pupa tàbí epo elésè àlùkò

Àwọ̀ epo háídírọ́líìkì la fi ń dá wọn mọ̀; epo pupa tí mò ń sọ níbí kì í ṣe ti ọbẹ̀.

| | Epo pupa | Epo elésè àlùkò |
|---|---|---|
| Orúkọ lára agolo | MIL-PRF-5606, MIL-PRF-83282 | Skydrol, HyJet |
| Ohun tí a fi ṣe é | 5606 wá láti inú epo rọ̀bì. Àtọwọ́dá ni 83282 | phosphate ester, irú kẹ́míkà àtọwọ́dá kan |
| Síìlì rẹ̀ | rọ́bà nitrile | rọ́bà EPDM |
| Ibi tí ẹ ti máa bá a | bíréèkì Cessna 172, C-130, ọ̀pọ̀ hẹlikọ́pítà | Boeing 737, Airbus A320, ọ̀pọ̀ jùlọ bàálù ńlá akérò |

Nínú epo pupa, 5606 ló tètè ń gbiná jù: òfin rẹ̀ gba kí oru rẹ̀ lè gbiná láti 82°C, nígbà tí ti 83282 kò gbọdọ̀ gbiná kó tó dé 205°C. Síìlì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, wọ́n sì lè pàdé nínú táǹkì kan láìsí ìjà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè sin àwọn méjèèjì bí ìwé bàálù bá fọwọ́ sí i.

Pupa àti elésè àlùkò ni kò gbọdọ̀ pàdé láéláé. Síìlì nitrile tó bá bọ́ sínú Skydrol á wú, á rọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já jálajàla. Bẹ́ẹ̀ náà ni EPDM ń ṣe nínú epo pupa. Àwọn èérún rọ́bà yẹn á wá máa ṣàn lọ sínú fáàfù tó ń darí bàálù. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ epo pupa so mọ́ A320, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ tó ń dúró dè é ni fífọ gbogbo páìpù àti pípààrọ̀ síìlì káàkiri bàálù.

Epo elésè àlùkò yìí fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀. Bí ẹ bá kán an sórí ọ̀dà lásán, tí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀dà náà á ṣù jọ, ẹ ó sì lè fi èékánná hó o kúrò. Ẹ wá ronú bó ṣe máa rí bó bá ta sí ojú: ó ń ta èèyàn bí iná, nítorí náà gọ́gù àti ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ohun àfẹ́ṣe. Ó tún máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà á sì sọ ọ́ di ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ Skydrol, ẹ wo ojú ibi tí táǹkì ti ń mí, bóyá ohun tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò lásán ló wà níbẹ̀, ẹ máa wá ẹlòmíì.

Àwọn òǹtajà kan á sọ fún yín pé ẹ̀rọ kan lè ṣe epo méjèèjì bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Ẹ̀rọ kékeré méjì, tí a kùn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ojú ìsopọ̀ họ́ọ̀sì wọn kò lè wọnú ara wọn, dára ju ẹ̀rọ ńlá kan tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Prẹ́ṣọ̀ àti ìṣàn

Prẹ́ṣọ̀, ìyẹn bí agbára tí epo fi ń ti nǹkan ṣe tó, kò ṣòro láti mọ̀. 3,000 psi (pọ́n-ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kan) ni ti ọ̀pọ̀ bàálù ńlá. Airbus A380, A350 àti Boeing 787 gòkè dé 5,000 psi, torí pé prẹ́ṣọ̀ tó ga ń jẹ́ kí páìpù àti pọ́ǹpù kéré, kí bàálù sì fúyẹ́. Bí ọ̀kankan nínú wọn kò bá ní í wọ hángà yín, ẹ má ra ti 5,000.

Ìṣàn, ìyẹn iye epo tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rà. Ká sọ pé bàálù wà lórí jáàkì, táyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ẹ fẹ́ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ìwé àtúnṣe ti sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kó gbà. Ẹ̀rọ yín ń tú gálọ́ọ̀nù 10 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ohun tí bàálù ń fẹ́ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹsẹ̀ tó gbéra, géèjì ń fi 3,000 psi hàn, gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé ó pé. Bí ẹsẹ̀ ṣe gbéra báyìí, abẹ́rẹ́ géèjì já wálẹ̀, ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ ń rá, ẹsẹ̀ ń lọ tìkọ̀tìkọ̀, àkókò sì kọjá èyí tí ìwé sọ. Ẹnjiníà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáàfù tí kò ṣe ohunkóhun, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ilẹ̀ ló kéré. Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé àtúnṣe bàálù yín, ẹ wá iṣẹ́ tó ń fẹ́ ìṣàn jù lọ nínú èyí tí ẹ máa ṣe, kí ẹ sì rà á dé ìwọ̀n yẹn.

Ìṣirò kan wà tó máa gbà yín lọ́wọ́ òǹtajà: ẹ fi iye gálọ́ọ̀nù ìṣẹ́jú kan sọ psi di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,714 pín in. Horsepower, ìyẹn ìwọ̀n agbára mọ́tò tí ẹ nílò, ni ẹ máa rí. Gálọ́ọ̀nù 20 ní 3,000 psi jẹ́ 35 horsepower; bí ẹ bá ro òfò inú pọ́ǹpù mọ́ ọn, ó ti wọ 40. Gálọ́ọ̀nù 30 ní 5,000 psi ju 87 lọ kí a tó ka òfò kankan. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀rọ òun ń tú gálọ́ọ̀nù 20 jáde ní 3,000 psi, tí ẹ sì rí mọ́tò 25 horsepower lára rẹ̀, nǹkan méjì yẹn kò lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Oníná àti onídísù

Fún inú hángà, oníná ni mo fẹ́ràn jù. Kò ní èéfín, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó wà níbi ọwọ́ ìdarí lókè àti ẹni tó dúró ti ẹsẹ̀ bàálù nísàlẹ̀ lè gbọ́ ara wọn. Ohun tí ariwo máa ń bàjẹ́ pọ̀ nígbà tí ohun líle tó wúwo bá ń gbéra lójú yín. Mọ́tò náà kò fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀.

Àmọ́ ó ń fẹ́ iná fééṣì mẹ́ta. Bí wọ́n bá tan mọ́tò ńlá ní tààràtà, iná tó máa fà níbẹ̀rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tó ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè èyí tó ní star-delta tàbí soft starter, àwọn ohun tó ń dín iná ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kù. Ẹ tún wo bóyá 50 Hz ni wọ́n ṣe é fún tàbí 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Mọ́tò 60 Hz tó bá wà lórí iná 50 Hz ń yí ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀, ìṣàn sì máa bá a lọ sílẹ̀: gálọ́ọ̀nù 30 tí ẹ sanwó rẹ̀ á di 25. Èyí kì í hàn nínú ìwé ìpolówó, òun ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n kó láti òkè òkun wá láàmú. Iná 115 volt 400 Hz tí bàálù ń gbà lórí ilẹ̀, ọ̀ràn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òun la fi ń tan ẹ̀rọ yìí.

Onídísù, èyí tó ń fi ẹ́ńjìnnì diesel ṣiṣẹ́, ló ń lọ síbi tí wáyà kò dé: orí pápá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí bàálù dúró sí nítorí ìṣòro. Agbára rẹ̀ kò sinmi lórí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kankan. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ tàn án nínú hángà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, torí gáàsì carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ tún ní ẹ́ńjìnnì kan sí i láti tọ́jú: ọ́ìlì, bátìrì, asẹ́ dísù, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Onídísù tó dúró oṣù mélòó kan láìṣiṣẹ́ sábà máa ń kọ̀ láti tan ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ gan-an.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn á ra oníná, àwọn á sì máa fi jẹnẹrétọ̀ gbé e jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tò 40 horsepower kì í ṣe kékeré, ó lè wọ́n ju owó tí ẹ ò bá fi ra onídísù lọ. Tí iṣẹ́ yín bá pọ̀ lóde ju inú ilé lọ, ẹ kúkú ra onídísù.

Afọwọ́fà

Èyí tí a ń fi ọwọ́ fà lè dé 3,000 psi náà, àmọ́ epo díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Ẹ fi í kún táǹkì epo bàálù, ẹ fi í ṣe bíréèkì bàálù kékeré, ẹ fi í dán páìpù kan wò. Kò lè ká ẹsẹ̀ bàálù ńlá. Ilé iṣẹ́ kékeré tó ń tọ́jú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan lè máà fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sáà rí i pé asẹ́ wà lójú họ́ọ̀sì tó ń gbé epo jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú kò ní in.

Ohun tó wà nínú àpótí

Pọ́ǹpù tó ń yí ìṣàn rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí bàálù ṣe ń fẹ́ dára ju èyí tí ìṣàn rẹ̀ kì í yí padà lọ. Bí bàálù kò bá gba epo lọ́wọ́ èyí tí kì í yí padà, fáàfù ìtura, èyí tó ń ṣí bí prẹ́ṣọ̀ bá ga jù, á máa da gbogbo rẹ̀ padà sínú táǹkì, agbára náà á sì di ooru. Gálọ́ọ̀nù 20 ní 3,000 psi tó ń padà lọ́nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ bíi kilowatt 26 ooru nínú táǹkì. Bí ẹ bá rà á, ohun tó ń tu epo lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi.

Ẹ wo asẹ́ dáadáa. Àlàfo inú fáàfù ìdarí bàálù kì í ju máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) díẹ̀ lọ, irun orí èèyàn sì tó bí 70. Mo fẹ́ asẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 3 tàbí 5 níbi tí epo ti ń jáde, mo sì fẹ́ òmíràn níbi tó ti ń padà, kí ìdọ̀tí bàálù kan má baà bá ẹ̀rọ lọ sínú bàálù kejì. Ẹ béèrè ẹnu kékeré tí a ti lè gba epo jáde fún àyẹ̀wò kí a tó so họ́ọ̀sì. Nínú NAS 1638 àti AS4059, àwọn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìdọ̀tí inú epo ṣe pọ̀ tó, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni epo ṣe mọ́ sí, epo ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ mọ́ ju ti inú bàálù lọ.

Bó bá jẹ́ àlòkù

Ẹ béèrè irú epo tó ti wà nínú rẹ̀ rí, kì í ṣe èyí tó wà níbẹ̀ báyìí nìkan. Ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára họ́ọ̀sì, ẹ wo ìwé tó sọ ìgbà tí wọ́n yẹ géèjì wò kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ so họ́ọ̀sì ìjáde mọ́ ti ìpadà, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú prẹ́ṣọ̀ kíkún títí ara rẹ̀ á fi móoru, torí bí síìlì tó ti gbó ṣe ń jò nígbà tí epo bá tutù yàtọ̀ sí bó ṣe ń jò nígbà tó bá gbóná.

Bí ẹ bá ń wá ibi tó ń jò, páálí ni kí ẹ fi wá a, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Epo tó ń yọ jáde ní 3,000 psi láti ojú ihò abẹ́rẹ́ ń gún awọ ara wọlé, ojú ọgbẹ́ náà sì lè dà bí ẹni pé kò tó nǹkan; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé epo ló wọlé.

Họ́ọ̀sì àti asẹ́ gbogbo ni kí ẹ kà sí ohun tí ẹ máa pààrọ̀, bó ti wù kí òǹtajà búra tó. Ẹ yọ owó wọn kúrò nínú iye tí ẹ máa dá kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò.