Fọ́tòkọ́pì àti ìwé dídì ní Akọka: wọ́n mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àmì orí lẹ́tà t

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé fúláàṣì mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Akọka, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Èkó, pé kí wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ mẹ́fà jáde fún mi, kí wọ́n sì dì wọ́n pọ̀ bí ìwé kan. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní físíìsì ni mo fẹ́ fi kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ńṣe ni Einstein kàn jí lọ́jọ́ kan ní 1905, tó sì rí tíọ́rì relativity he, nígbà tó jẹ́ pé wàhálà ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún iná tín-ín-tín tó wà nínú átọ́ọ̀mù, ló bí i.

Mo yìn wọ́n fún ìbéèrè kan. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n tò ó bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra ni àbí bí ọdún wọn?" Mo ní kó tẹ̀lé ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣí ìwé náà yóò kọ́kọ́ bá Michelson àti Morley ní 1887, tí wọ́n ń wá ipa ìrìn ayé nínú ether, ìyẹn ohun tí wọ́n gbà nígbà náà pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí wọn kò sì rí ohun tí wọ́n retí. Àyọkà ti 1895 láti ọwọ́ Lorentz, onímọ̀ físíìsì ará Netherlands, ló tẹ̀lé e. Lorentz kò fẹ́ kí ether bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó wá ní ohun tó bá ń rìn a máa kúrú ní apá ibi tó ń lọ, èrò tí FitzGerald náà ti dá ní 1889. Lẹ́yìn Thomson ti 1897, ẹni tó ṣàwárí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, Lorentz tún padà ní 1904.

Ibi Lorentz ti 1895 gan-an ni iṣẹ́ wọn ti bàjẹ́. Wọ́n dín yíǹkì kù, àmì kékeré tó wà lórí t′ sì pòórá. Àmì yìí ló ya àkókò gidi sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí Lorentz pè ní àkókò àdúgbò, èyí tó kà sí ọgbọ́n ìṣirò lásán. Ní irú lẹ́tà tí à ń lò lónìí, ó yẹ kó kà báyìí: t′ = t − vx/c² (t ni àkókò gidi, t′ ni àkókò àdúgbò, v ni eré ohun tó ń rìn, x ni ibi tó wà, c ni eré ìmọ́lẹ̀). Èyí tí wọ́n tẹ̀ fún mi sọ pé t = t − vx/c², bí ẹni pé Lorentz, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Leiden, kò mọ ìyọkúrò. Ó sì dùn mí, nítorí orí àmì yẹn ni àríyànjiyàn wà: Einstein ló ní àkókò ẹni tó ń rìn kì í ṣe ọgbọ́n ìṣirò, àkókò ni, bí a bá ti fi ìmọ́lẹ̀ ṣètò àwọn aago rẹ̀.

Ojú ewé Einstein mọ́ kedere ní tirẹ̀, láti orí òòfà àti wáyà tó fi bẹ̀rẹ̀: yálà òòfà la sún tàbí wáyà, iná tó ń gba inú wáyà kò yàtọ̀, síbẹ̀ àlàyé méjì ni wọ́n ń ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà Kaufmann ti 1906, ẹni tó wọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré, tó ta ko Lorentz àti Einstein, tó sì gbe ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù líle ti Abraham, èyí tí kì í kúrú bó ti wù kó sáré tó, kí Bucherer tó dé ní 1908 pẹ̀lú ìwọ̀n tó gbe Lorentz àti Einstein.

₦4,500 ni mo san. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n tún àwọn ojú ewé náà tẹ̀ láìgba owó, wọ́n sì bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìwé ti di dídì, wọn kò lè tú u, nítorí náà mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn, mo sì ń fi bírò fi àmì sí orí t lọ́kọ̀ọ̀kan.