Kúbà: ṣé hòtẹ́ẹ̀lì ìjọba lẹ máa dé sí ni àbí ilé onílé?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí Kúbà láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà àkọ́kọ́, hòtẹ́ẹ̀lì ìjọba ni mo dé sí ní Havana. Ìgbà kejì, ilé ẹbí kan ní Matanzas, ìyẹn bíi kìlómítà 100 sí Havana. Owó tí mo pàdánù nígbà àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń dùn mí, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fojú ara yín rí bí wọ́n ṣe ń bọ Yemọja lọ́hùn-ún. Mi ò ní sọ̀rọ̀ etí òkun àti mọ́tò àtijọ́, ẹ ti rí fọ́tò wọn tó.

Casa particular ni wọ́n ń pe ilé onílé yìí. Láti 1997 ni òfin ti gba àwọn ará ìlú láyè kí wọ́n máa gba àlejò sílé, kí wọ́n sì máa san owó orí lé e. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà: tẹ́ ẹ bá rí àmì búlúù kan tó jọ ìdákọ̀ró, ilé tó lè gba àlejò láti òkèèrè nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dé, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù yín, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, òfin ni, kó má já yín láyà.

Owó sísan gan-an lọ̀rọ̀ wà. Hòtẹ́ẹ̀lì Havana yẹn, alẹ́ márùn-ún ni mo ti san sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó kúrò nílé. Ó ti tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n tó débẹ̀, ebi ń pa mí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun, mo jẹ ìrẹsì àti adìẹ, mo yọ yúrò jáde, ọmọbìnrin tó ń gbowó ní àwọn kì í gba káàṣì, káàdì nìkan. Mo fún un ní káàdì mi. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó nù ún lára aṣọ ẹ̀, ó tún un fi sí i, ẹ̀rọ tún kọ̀ ọ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń wò mí. Ọkùnrin ará Kánádà kan ló bá mi fi káàdì tiẹ̀ san án, mo wá kó yúrò fún un, ojú tì mí gan-an, àgbà bíi tèmi, owó wà lápò mi, mo wá ń bẹ ẹni tí mi ò mọ̀ rí kó bá mi san owó adìẹ. Ìgbà tí mo pe báńkì lọ́jọ́ kejì, tí ìpè yẹn nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ pọ́n-ùn 20, ni wọ́n tó wá là á yé mi pé ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ni àwọn, Amẹ́ríkà sì ti fòfin de Kúbà, káàdì yẹn ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó lọ.

Omi inú ike o, íntánẹ́ẹ̀tì o, takisí tí hòtẹ́ẹ̀lì bá bá yín pè o, káàdì ni gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo ní mò ń lọ, kí wọ́n dá owó alẹ́ mẹ́ta tó kù padà fún mi. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn tí mo sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn yẹn ní ọwọ́ hòtẹ́ẹ̀lì lowó wà. Pọ́n-ùn 270 bá a lọ bẹ́ẹ̀, títí dòní.

Ní Matanzas, káàṣì ni, yúrò 25 lálẹ́, yúrò 5 fún oúnjẹ àárọ̀, 10 tí mo bá fẹ́ jẹ alẹ́. Ìyá onílé ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo dé. Ó ní ìwé kékeré kan tó fi okùn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, ìgbà tó di ọjọ́ tí mò ń lọ a jọ jókòó nídìí tábìlì kíṣìnì, ó ń fi ìka tọ́ka sí i níkọ̀ọ̀kan kí n lè rí i: alẹ́ mẹ́fà, oúnjẹ àárọ̀ mẹ́fà, oúnjẹ alẹ́ mẹ́rin, yúrò 220. Ó parí. Ẹ mú yúrò wẹ́wẹ́ dání o, 5, 10, 20, torí ṣéńjì máa ń ṣòro, èyí tó bá ya tàbí tí wọ́n ti kọ nǹkan sí lára, wọn kì í fẹ́ gbà á. Ẹ má sì ṣẹ́ gbogbo owó yín sí péésò, ìyẹn owó Kúbà, lẹ́ẹ̀kan náà, ní 2021 péésò 24 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ 2022 ó ti di 120, kò sì dúró síbẹ̀.

Casa náà ní ibi tó ti lè dùn yín. Ẹni tó bá pàdé yín lójú títì tó ní òun mọ ilé tó dáa, wọ́n máa fún un ní nǹkan tiẹ̀, orí yín ni wọ́n sì máa bu owó yẹn lé. Àwọn mìíràn á ṣèlérí yàrá kan ṣoṣo fún àlejò méjì tí ò mọra, tẹ́ ẹ bá dé wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn mú yín lọ sílé àbúrò àwọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ti iná, hòtẹ́ẹ̀lì ló borí, mi ò ní purọ́. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá 2024, ilé-iṣẹ́ iná Antonio Guiteras tó wà ní Matanzas níbẹ̀ kọṣẹ́, gbogbo orílẹ̀-èdè ṣókùnkùn biribiri, ó sì ti tún ṣẹlẹ̀ látìgbà náà. Ẹni tó bá ti gbé Èkó tàbí Ìbàdàn rí, iná tó lọ ò ní bà á lẹ́rù, omi ni kó ronú sí, torí tí ò bá síná, ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táńkì orí òrùlé ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó gbà: “¿Hay planta?” Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń pè ní planta. Ẹ bi wọ́n nípa ínfátà náà. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, kó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Oúnjẹ: ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ láti àárọ̀, ẹyin ò sí lọ́jà bó ṣe yẹ, wọ́n ní láti wá a kiri. Ariwo: casa ló pọ̀ jù, àkùkọ, ọmọdé, rédíò. Íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ ra SIM, kẹ́ ẹ má retí nǹkan kan níbi méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, láti 2020 ìjọba yín ti to orúkọ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ò gbọ́dọ̀ sùn sí ní Kúbà, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ, torí náà ilé onílé ló rọrùn jù fún yín. Àwa tá a ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi yòówù ká sùn sí, ẹni tó bá ti dé Kúbà láti oṣù Kìíní 2021 síbí ò lè fi ESTA, ìyẹn ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì tá a fi ń wọlé láìgba físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́, físà ló máa lọ gbà ní ẹ́ḿbásì. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Houston lọ́dún yìí, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan wà tí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fi owó díwọ̀n ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ní Matanzas, mò ń mu kọfí, ìyá onílé bu omi sínú igbá, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ta á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé “omi tuto, tuto laroye, tuto ilé”. Mo gbé ife kalẹ̀. Mo ní, “Omi tútù, Mama. Ilé tútù.” Ó yíjú padà, ó ń wò mí, igbá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Lucumí ni wọ́n ń pe èdè wa níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, kò sì tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ń fi í ra iyọ̀ àti ata. Ó pe ọmọ ẹ̀ pé kó wá gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn mo ń jókòó tì í láràárọ̀ níwájú àwo ìbọ Yemọja ẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan, mo ń sọ bá a ṣe ń pè é nílé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú AC láìsí pé iná ń lọ, tó sì ní káàdì tí báńkì ẹ̀ ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Amẹ́ríkà, hòtẹ́ẹ̀lì dáa fún un. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá ilé tó ní àmì búlúù. Tó bá jẹ́ torí ọdún Yemọja ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ni, ẹ wá ilé ní Regla fúnra ẹ̀, àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe é ní òdìkejì omi, kẹ́ ẹ má máa dúró de ọkọ̀ ojú omi láti Havana. Èmi, Matanzas náà ni. Mo ti kọ̀wé sí ọmọ ìyá onílé lórí WhatsApp, ó ní yàrá mi wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ra ínfátà.