Sányán àbí sílíìkì Ṣáínà: èwo ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ?

Àwọn tó fẹ́ hun aṣọ ìgbéyàwó ló sábà máa ń bi mí ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, pé èwo ló dáa jù. Òwú tí kòkòrò ń ṣe ni méjèèjì, inú igbó ilẹ̀ wa ni ti sányán ti ń wá. Mo ti ra méjèèjì rí. Ọ̀kan jẹ mí lówó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé ayédèrú lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní sílíìkì lórí àtẹ, kòkòrò ò mọ̀ nípa rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ fa fọ́nrán kan, ẹ ṣáná sí i. Bó bá jó wàì, tó ń rùn bíi bébà, ẹ gbé e padà. Ti kòkòrò a máa rùn bí irun tó jóná.

Kòkòrò Ṣáínà máa ń dá ilé tirẹ̀ kọ́ ni, fọ́nrán kan ṣoṣo ló sì fi ń wé ara rẹ̀. Wọ́n á fi ooru pa á kó tó lu ilé jáde, wọ́n á kó o sómi gbígbóná, wọ́n á wá orí fọ́nrán, wọ́n á máa fà á. Ti ilé kan lè gùn ju 600 mítà lọ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa dán.

Kòkòrò sányán, irú èyí tó ń jẹ ewé arère, agbo ni wọ́n ń gbé, inú ìtẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń kó sí. Fọ́nrán wọn lọ́ mọ́ra, kò ṣeé fà. Omi eérú ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n á tú u bí òwú, wọ́n á wá fọwọ́ ran án. Ó máa ń rí kókó-kókó, kì í dán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oje. Oje ni kòkòrò fi ń lẹ fọ́nrán mọ́ra. Ti sányán ti bá omi eérú lọ kí wọ́n tó ran án. Ti Ṣáínà lè wà lára òwú títí dé ọwọ́ yín, ó sì lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀. Mo ra kílò méjì, ó le gbagidi. Ẹni tó tà á ní, "Ẹ fọ̀ ọ́, á rọ̀." Mo fi ọṣẹ sè é, ó rọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó gbẹ, mo gbé e sórí ìwọ̀n: kílò kan àtààbọ̀. A ti wọn ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn sórí méjì. Òwú tán ká tó kan ìborùn. Màmá ìyàwó wò mí: "Ṣé inú omi ọṣẹ ni ìborùn ọmọ mi wà?" Owó ara mi ni mo fi ra òmíràn. Lójú oòrùn, ìborùn yẹn ò bá ìró dọ́gba títí dòní.

Àwọ̀: sányán ti gbé tirẹ̀ wá látinú igbó; ti Ṣáínà ń gba aró dáadáa. Ẹ má ri èyíkéyìí sínú aró àdìrẹ tó ní sódà o, sódà a máa jẹ ẹ́. Owó: sányán wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti lú u mọ́ òwú lásán.

Ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ òun máa kọ mànà lóde àríyá, kó ra ti Ṣáínà, kò burú. Bó bá jẹ́ kílò mẹ́ta lẹ fẹ́ hun, tí wọn ò sì tíì fọ oje rẹ̀, mẹ́rin ni kí ẹ rà. Sányán bàbá mi ti lé lógójì ọdún nínú àpótí, kò tíì ya. Díẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ mi nínú ti Ṣáínà. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá rà á, mo ti bá a fọ oje rẹ̀.